Níbo ni àlejò Ọlọ́jọ́ máa gbé ọkọ̀ sí? Lẹ́tà ṣíṣí sí ìgbìmọ̀ tó ń ṣètò ọdún

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó wà nínú ìgbìmọ̀ tó ń ṣètò Ọdún Ọlọ́jọ́ nílùú Ilé-Ifẹ̀,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú ètò. Ọdún á yabo fún gbogbo wa.

A ò bínú àlejò. Ìgbà tí wọ́n bá wá ni ọjà wa ń tà, tí ilé ìtura ń kún, tí ọmọ wa tó wà l'Ékòó àti lókè òkun ń rántí ilé. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ wọn la fẹ́ bá yín sọ. Lọ́dọọdún, bí Oṣù Kẹsàn-án bá ti ń lọ sópin, tí Oṣù Kẹwàá ń wọlé, àwọn títì tó yí Ẹnuwà, ojúde ààfin Ọọ̀ni, ká, láti apá Ìrẹmọ títí dé Mọ̀ọ́rè, Òkèrèwè àti Ìlódè, máa ń di ibi tí ẹni tó ń gbébẹ̀ kì í lè jáde, ẹni tó bá sì ti jáde kì í lè wọlé mọ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ohun kan ṣoṣo la fẹ́ kí ẹ gbà lọ́wọ́ wa. Ẹni tó gbé ọkọ̀ dí géètì onígéètì, iwájú géètì yẹn kọ́ ló ti pinnu láti ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ti pinnu rẹ̀ láti Lagere, nígbà tó wakọ̀ kọjá ibẹ̀ tí kò mọ ibi tó ń gbé e lọ. Bó ṣe ń dé ọ̀dọ̀ wa, èrò ti kún ojú ọ̀nà, ìlù ti ń dún, ìyàwó ti ń sọ pé "a ti pẹ́ o", àwọn ọmọ ti fẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Àyè àkọ́kọ́ tójú rẹ̀ bá rí ló máa ki ọkọ̀ sí. "Má ṣe páàkì síbí" tá a kọ sára ògiri kò lè dá irú ẹni bẹ́ẹ̀ padà, torí pé ògiri náà kò sọ ibi tí yóò páàkì sí fún un. Ìdí nìyẹn tá a fi ń kọ̀wé sí yín ṣáájú ọdún. Tó bá di ọjọ́ ọdún, ọ̀rọ̀ ti bọ́ lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ ká fi tépù wọ̀n ọ́n. Ká ní títì àdúgbò kan fẹ̀ ní mítà 6, láti etí gọ́tà kan dé etí èkejì. Corolla fẹ̀ tó nǹkan bíi mítà 1.8, a ò tíì ka díńgí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Awakọ̀ kì í gbé táyà lé etí gọ́tà gan-an, ẹ̀rù pé kó má jìn sí i máa ń jẹ́ kó fi bíi sẹ̀ǹtímítà 30 sílẹ̀. Ọkọ̀ kan ti gba mítà 2.1 nìyẹn. Tí òmíràn bá tún dúró sí òdìkejì, mítà 4.2 ti lọ, mítà 1.8 péré ló kù láàárín. Kórópè fẹ̀ ní nǹkan bíi mítà 1.5, á rọra yọ́ kọjá. Kẹ̀kẹ́ Màrúwá á kọjá, ọ̀kadà kò tiẹ̀ ní dẹ ẹsẹ̀. Ohun tó ń tan awakọ̀ jẹ gan-an nìyí. Ó rí kórópè tó kọjá, ó ní ọ̀nà ṣì wà, ó bá tilẹ̀kùn ọkọ̀, ó lọ wo ìran. Ọkọ̀ panápaná fẹ̀ tó mítà 2.5. Bọ́ọ̀sì tí wọ́n fi ń ṣe áńbúláǹsì, tá a bá ka díńgí rẹ̀ méjèèjì mọ́ ọn, lé ní mítà 2. Táńkà tó ń já omi fún wa kò kéré sí ti panápaná. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó lè gba ojú mítà 1.8 kọjá. Ilé tó bá gbaná lọ́jọ́ náà, kórópè kọ́ ló máa wá pa á.

Ẹ wá wo bó ṣe rí tí gbogbo ọkọ̀ bá dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo. Mítà 3.9 ló kù. Panápaná á kọjá, èrò tó wà lójú ọ̀nà á sì ráyè yà fún un. Nítorí náà, títì tó bá tó mítà 5.5 sókè, ẹ̀gbẹ́ kan ni kí wọ́n fi gbé ọkọ̀. Èyí tí kò bá tó mítà 5.5, kí ọkọ̀ kankan má dúró níbẹ̀ láti ọjọ́ Jimọ̀ títí di ọjọ́ Àìkú òpin ọ̀sẹ̀ ọdún. Ẹ̀gbẹ́ tí géètì kò pọ̀ sí ni kẹ́ ẹ mú. Bẹ́ ẹ bá sì ti mú ọ̀tún, kó jẹ́ ọ̀tún láti ìbẹ̀rẹ̀ títì dé òpin rẹ̀. Ibi tí ìlà ọkọ̀ bá ti bọ́ sí òsì lójijì ni ọkọ̀ gígùn ti máa ń há.

Oríta náà ní tirẹ̀. Ọkọ̀ gígùn kì í yí kọ́nà bí ọkọ̀ kékeré ṣe ń yí i: iwájú á ti kọjá, táyà ẹ̀yìn á wá gé kọ́nà wọnú. Ọkọ̀ kan péré tó bá dúró sí ẹnu kọ́nà ti dí títì méjì pọ̀. A rọ̀ yín kẹ́ ẹ fi mítà 10 sílẹ̀ lófo sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ẹnu oríta, kẹ́ ẹ sì fi okùn tí wọ́n so àkísà pupa mọ́ dí i láti òru ọjọ́ Jimọ̀. Okùn dára ju bùlọ́ọ̀kù lọ. Ọlọ́kadà tó bá sáré lu bùlọ́ọ̀kù lóru lè má dìde mọ́.

Ní ti géètì, àwọn àlejò tó ní ìwà pàápàá máa ń ṣèèṣì. Wọ́n á rí i pé àwọn ò dúró sí ẹnu géètì gan-an, òdìkejì títì làwọn wà, wọ́n á ní kò sóhun tó ṣe. Àmọ́ ọkọ̀ kì í jáde nínú géètì bí àkàn tó ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní láti yọ imú sójú títì kó tó yí, ó sì nílò ohun tó lé ní mítà 5 láti fi yí i tán. Lójú títì oní-mítà 6, ọkọ̀ tó wà ní ọ̀kánkán géètì ti tì í pa bí ìgbà tí wọ́n fi àgádágodo tì í. Iwájú géètì, mítà kan àbọ̀ sí ọ̀tún rẹ̀ àti sí òsì rẹ̀, àti ọ̀kánkán rẹ̀ lódìkejì, gbogbo rẹ̀ ló yẹ kó ṣófo.

Gọ́tà ló ń dùn wá jù. Síláàbù tí ọ̀pọ̀ ilé fi bo gọ́tà iwájú wọn, ẹsẹ̀ èèyàn àti ọmọlanke ni wọ́n rọ ọ́ fún. Ọ̀pọ̀ kò nípọn ju sẹ̀ǹtímítà 7 tàbí 8 lọ, òmíràn ò sì ní irin nínú ju wáyà tín-ín-rín lọ. Ọkọ̀ kékeré tó wúwo tó tọ́ọ̀nù 1.4 ń gbé nǹkan bíi kílò 350 lé táyà kọ̀ọ̀kan. Sienna tó kó èèyàn méje àti ẹrù lè gbé ju kílò 600 lọ lé táyà kan. Síláàbù náà lè má fọ́ lójú ẹsẹ̀ o. Abẹ́ ló ti máa ń là, níbi tójú ò tó, àlejò á ti padà sílé tipẹ́tipẹ́ kó tó já lọ́jọ́ tí ìyá oníṣu gbé igbá dúró lé e. Ojú àlejò la ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ la ń san án. Àsìkò òjò àrọ̀ọ̀rọ̀dá sì ni ọdún náà ń bọ́ sí: àfọ́kù síláàbù á dábùú gọ́tà, ọ̀rá píọ́ wọ́tà tí èrò ọdún jù sílẹ̀ á kó jọ sí ẹ̀yìn rẹ̀, omi á wá ojú ọ̀nà míì gbà, ṣọ́ọ̀bù ẹni tí kò tiẹ̀ ní ọkọ̀ lomi ń wọ̀.

Ilé tó bá mọ̀ pé ọkọ̀ á gorí síláàbù òun, bó ti wù kí òun kígbe tó, ẹ bá wa rọ̀ ọ́ kó rọ tuntun, kó sì ṣe é ní oṣù kan ó kéré tán kí ọdún tó dé. Fún gọ́tà tí inú rẹ̀ fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 60, síláàbù tó gùn ní mítà kan, tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 90, tó sì nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 15 ló dáa. Irin oní-mìlímítà 12 ni kí wọ́n tò dábùú gọ́tà, ọ̀kan sí sẹ̀ǹtímítà 15 sí èkejì, ìyẹn bíi méje. Kí wọ́n wá fi irin oní-mìlímítà 10 márùn-ún so wọ́n pọ̀, kó gba gígùn gọ́tà lọ. Abẹ́ síláàbù nirin máa ń wà, sẹ̀ǹtímítà méjì àbọ̀ sí mẹ́ta sókè láti ìsàlẹ̀, torí pé tí ẹrù bá gùn ún, abẹ́ ló ń fà ya. Bíríkìlà tó bá fi irin sí àárín tàbí sókè ti sin ín lásán, èyí tó bá sì tò ó ní òdì, kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà dípò kó dábùú rẹ̀, òun ló ń rọ èyí tó ń já sí méjì. Òṣùwọ̀n síméńtì kan, yanrìn méjì, òkúta wẹ́wẹ́ mẹ́rin. Àpò síméńtì kan tó fún ọ̀kan. Kí wọ́n máa bu omi sí i fún ọjọ́ méje, kí ọkọ̀ má sì gùn ún títí ọjọ́ 28 á fi pé. Ìdí tá a fi ní oṣù kan nìyẹn. Èyí tí wọ́n bá rọ ní ọ̀sẹ̀ ọdún, ọdún náà ló máa fọ́ ọ.

Tí táyà bá sì ti jìn sínú gọ́tà, kí àwọn ọ̀dọ́ má fi okùn fa bọ́ńpà. Bọ́ńpà á já, ọkọ̀ ò ní kúrò, ìjà á wá bẹ̀rẹ̀. Pákó tó nípọn ni kí wọ́n tẹ́ sábẹ́ jáàkì lórí ilẹ̀ líle, kí wọ́n gbé táyà náà sókè, kí wọ́n ti pákó gígùn méjì sábẹ́ rẹ̀ bí afárá, kó wá rọra yí jáde. Kẹ́nikẹ́ni má ki ẹsẹ̀ bọ abẹ́ ọkọ̀ tó jẹ́ pé jáàkì nìkan ló gbé e dúró.

Ó ku ti òkúta. Ilẹ̀ Ifẹ̀ ò tẹ́jú, àwọn àlejò sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n á wá òkúta ti táyà lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ó dáa. Àmọ́ tí wọ́n bá ń lọ, òkúta ò ní bá wọn lọ, àárín títì ló máa sùn, táyà ẹlòmíì ló máa rí i lóru. Ẹ bá wa sọ fún wọn kí wọ́n gbé e padà sí etí ọ̀nà. Ìwé ìwakọ̀ ní kí ọkọ̀ tó kọjú sísàlẹ̀ yí táyà iwájú sí ẹ̀gbẹ́ títì. Níbi tó jẹ́ gọ́tà ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ẹni tó bá yí i síbẹ̀ ń júwe gọ́tà fún ọkọ̀ rẹ̀ ni. Jíà kìíní ni fún ọkọ̀ tó kọjú sókè, rìfáàsì fún èyí tó kọjú sísàlẹ̀, P fún ọtomátíìkì, kí wọ́n sì fa bíréèkì ọwọ́ dáadáa.

Àwọn kan wà, hasáàdì ni tiwọn. Wọ́n á dúró láàárín títì, wọ́n á tan iná méjèèjì, kò-tàn-kò-tàn, wọ́n á ní "mò ń bọ̀ báyìí". Lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta, bátìrì tó ti gbó lè ti kú, ọkọ̀ ò wá lè jáde mọ́ bí olówó rẹ̀ tiẹ̀ dé.

A ò ní fi ti àwọn ọmọ tiwa pamọ́. Igi á wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n á máa pe ọkọ̀ wọlé: "Máa bọ̀, máa bọ̀, yí i sọ́tùn-ún, jẹ́ ó lọ, dúró!" Wọ́n á gbá bọ́nẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á gba owó, wọ́n á ní àwọn ń ṣọ́ ọ. Nígbà tí onílé bá fi máa dé tó fẹ́ wọlé, ẹni tó gbowó ti lọ wo ìran, awakọ̀ sì gbàgbọ́ pé òun ti san owó ilẹ̀. Títì ìjọba ni, kò sí ilẹ̀ tí ọmọ yẹn ní tó tà fún un. Síbẹ̀, ká lé wọn kò ní ṣiṣẹ́, wọ́n á padà. Ohun tó dáa jù ni kẹ́ ẹ gbà wọ́n síṣẹ́ ní pápá tá a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ nísàlẹ̀ yìí, kẹ́ ẹ fún wọn ní ẹ̀wù aláwọ̀ kan tó ní nọ́ńbà lẹ́yìn, kẹ́ ẹ san owó iṣẹ́ wọn lálẹ́. Wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń darí ọkọ̀ ju ọ̀pọ̀ ẹni tẹ́ ẹ máa kó wá láti ibòmíì lọ.

A mọ ohun tí àwọn kan ládùúgbò ń ṣe, a sì ti bá wọn wí. Wọ́n á yọ afẹ́fẹ́ táyà àlejò, wọ́n á fi ìṣó ya ara ọkọ̀, wọ́n á fi ṣéènì dè é mọ́ òpó iná. Yàtọ̀ sí pé ẹjọ́ ló ń dá sílẹ̀, ìwà òmùgọ̀ ni. Ọkọ̀ tí ì bá kúrò lẹ́nu ọ̀nà rẹ lẹ́yìn wákàtí méjì, o yọ táyà rẹ̀ kalẹ̀, fọkanáísà ò sí nítòsí lọ́jọ́ ọdún, ó wá di àlejò ọjọ́ méjì. Ọkọ̀ tó ń wọ́ ọkọ̀ náà kò rọrùn bí àwọn èèyàn ṣe rò: òun fúnra rẹ̀ fẹ̀ tó ọkọ̀ panápaná, kò lè wọlé síbi tí a ti nílò rẹ̀ jù. Ẹ̀rọ agbóhùnsókè tó wà ní Ẹnuwà ló ń yá jù. Kí ẹnì kan jókòó ti ẹni tó ń kéde, kó ní fóònù kan tí gbogbo àdúgbò mọ nọ́ńbà rẹ̀. Onílé á ya fọ́tò ọkọ̀ náà kí nọ́ńbà rẹ̀ hàn, á fi ránṣẹ́, olùkéde á ka nọ́ńbà ọkọ̀, irú ọkọ̀ àti àwọ̀ rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Kó má dárúkọ onílé, kó má bú ẹnikẹ́ni. Ẹni tí wọ́n bú ní gbangba máa ń jókòó sí i ni.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sórí pápá, torí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dá lé.

Pápá ìṣeré ilé-ìwé kan tó gùn ní mítà 100, tó fẹ̀ ní mítà 64, gbà ju bójú ṣe rí i lọ tí wọ́n bá tò ó dáadáa, ó sì gbà kéré jọjọ tí wọ́n bá jẹ́ kí kálukú gbé tirẹ̀ síbi tó wù ú. Àyè ọkọ̀ kan jẹ́ mítà 2.5 ní fífẹ̀, mítà 5 ní gígùn. Ìlà ọkọ̀ méjì tó kọjú síra pẹ̀lú ọ̀nà mítà 6 láàárín wọn gba mítà 16. Mẹ́rin irú rẹ̀ wọ inú mítà 64, ìlà mẹ́jọ nìyẹn. Ẹ yọ mítà 6 sílẹ̀ ní orí pápá, ẹ yọ 6 ní ìdí rẹ̀ fún ọ̀nà tí ọkọ̀ á fi yípo; mítà 88 ló kù, ọkọ̀ 35 ló wọ ìlà kọ̀ọ̀kan. Mẹ́jọ lọ́nà 35 jẹ́ 280. Ẹ yọ ti ibi tí omi dúró sí, ti ibi tí àwọn bọ́ọ̀sì máa dúró àti ti abẹ́ igi, 250 ló dájú. Tí ẹ ò bá fa ìlà, awakọ̀ á fi mítà kan sí mítà kan àbọ̀ sílẹ̀ láàárín ara wọn, ọ̀nà á dí láàárín, ẹ ò sì ní rí ju nǹkan bí ìdajì rẹ̀ gbà. Okùn àti èèkàn ni kẹ́ ẹ fi fa ìlà náà. Ẹfun tàbí lìímù tá a dà sórí koríko kì í yè tí òjò bá rọ̀ lóru.

Kí wọ́n fi ẹ̀yìn wọlé sí àyè wọn, kí imú ọkọ̀ kọjú sí ọ̀nà. Ó ń pẹ́ díẹ̀ láàárọ̀, nígbà tí wọ́n ń dé ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, àmọ́ nírọ̀lẹ́ tí gbogbo wọn fẹ́ lọ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹni tó kọjú sóde ń rí ọ̀nà. Ẹni tó ń fi ẹ̀yìn jáde láàárín ọmọdé àti èrò lókùnkùn la ń bẹ̀rù.

Ẹrẹ̀ ló ń ba pápá jẹ́, ẹnu géètì ló sì ti ń bẹ̀rẹ̀. Níbi tí gbogbo ọkọ̀ ti ń gbà kọjá, koríko á ti tán kí ọkọ̀ 50 tó wọlé, èyí tó bá há síbẹ̀ á dí gbogbo èrò ẹ̀yìn rẹ̀ sójú títì. Ẹ da òkúta wẹ́wẹ́ tàbí yangí síbẹ̀, kó gùn tó mítà 15 wọnú, kó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 10, ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, kí ọkọ̀ ńlá sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Kẹ́ ẹ tún tọ́jú pákó gígùn mẹ́rin àti ṣọ́bìrì méjì sí ẹnu ọ̀nà. Ẹnu ọ̀nà ìwọlé yàtọ̀, ti ìjáde yàtọ̀. Tí pápá náà kò bá ní ju géètì kan lọ, ẹ wá òmíràn.

Ẹ má ṣe gba owó lẹ́nu géètì. Tí ẹ bá fi ìṣẹ́jú kan gba owó lọ́wọ́ ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, tẹ́ ẹ tún wá ṣéńjì, 60 ni yóò wọlé láàárín wákàtí kan. Tí wọ́n bá kàn ń wọlé láìdúró, ọkọ̀ kan láàárín ìṣẹ́jú àáyá 15, 240 ló máa wọlé. Ọkọ̀ mẹ́wàá tó tò sí ẹnu géètì ń gba nǹkan bíi mítà 60 lójú títì, ẹ sì mọ ohun tí mítà 60 ọkọ̀ tó dúró ń dá sílẹ̀ lójú ọ̀nà Ìbàdàn. Kí wọ́n wọlé, kí wọ́n gbé ọkọ̀ dúró, kí ẹni tó wà ní ìlà wọn wá bá wọn pẹ̀lú tíkẹ́ẹ̀tì. Iye owó náà, kẹ́ ẹ kọ ọ́ gàdàgbà sí ẹnu ọ̀nà, kó jẹ́ iye kan fún gbogbo èèyàn. Kí nọ́ńbà ọkọ̀ wà lára tíkẹ́ẹ̀tì, kí nọ́ńbà ẹni tí wọn yóò pè tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, pẹ̀lú 112 fún pàjáwìrì àti 122 ti Road Safety.

Pápá kan kò tó. Ó kéré tán, kó jẹ́ mẹ́ta, ọ̀kan fún ẹni tó gba ọ̀nà Ìbàdàn wọlé, ọ̀kan fún ẹni tó ti Iléṣà bọ̀, ọ̀kan fún ọ̀nà Oǹdó. Ẹni tó bá ti Iléṣà bọ̀ tẹ́ ẹ ní kó la ìlú já lọ páàkì ní apá ọ̀nà Ìbàdàn kò ní lọ, Ẹnuwà ló máa yà sí. Ẹ lọ bá àwọn aláṣẹ ilé-ìwé tọ́rọ̀ kàn ní oṣù méjì ṣáájú, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ̀yin lẹ máa tún pápá ṣe, kẹ́ ẹ sì tún un ṣe lóòótọ́. Ọ̀gá ilé-ìwé tẹ́ ẹ bá ba pápá rẹ̀ jẹ́ lọ́dún yìí kò ní dá yín lóhùn lọ́dún tó ń bọ̀.

Báwo ni wọ́n á ṣe ti pápá dé Ẹnuwà? Ọkọ̀ 250, tá a bá ka èèyàn mẹ́ta sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, jẹ́ èèyàn 750. Bọ́ọ̀sì elérò 18 á rin ìrìn 42 kó tó kó wọn tán. Tí àlọ àti àbọ̀ bá gba ogún ìṣẹ́jú, bọ́ọ̀sì mẹ́fà á rin ìrìn 18 láàárín wákàtí kan, wákàtí méjì àti díẹ̀ ni wọ́n á fi kó wọn tán. Ìyẹn dáa. Àmọ́ ó ní láti ní ọ̀nà tirẹ̀. Bọ́ọ̀sì tó há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ kan náà tí gbogbo ọkọ̀ há sí kò ní ìwúlò, àlejò á kàn rò ó pé òun ì bá ti wakọ̀ òun dé ibẹ̀. Ọ̀nà kan ni kẹ́ ẹ yà sọ́tọ̀ láti pápá kọ̀ọ̀kan, kó jẹ́ bọ́ọ̀sì ìgbìmọ̀, panápaná àti áńbúláǹsì nìkan ló ń gbà á. Tó bá di alẹ́, kí bọ́ọ̀sì má ṣíwọ́ iṣẹ́ títí èrò á fi tán. Ohun tó ń mú kí èèyàn wakọ̀ wá lọ́dún kejì ni pé ó rìn padà lókùnkùn lọ́dún àkọ́kọ́.

Àwọn pátákó náà ńkọ́? Ẹ má fi àwòrán àwọn olówó tó ṣe onígbọ̀wọ́ ọdún kún un. Lẹ́tà tí gíga rẹ̀ kò bá tó sẹ̀ǹtímítà 15, awakọ̀ ò ní kà á kó tó kọjá. "PÁÀKÌ ỌLỌ́JỌ́" àti ọfà ńlá kan ti tó. Ọ̀kan ní ibi tó jìnnà kí wọ́n lè múra, ọ̀kan ní ibi tí wọ́n á ti yà gan-an, ọ̀kan lẹ́yìn ibẹ̀ fún ẹni tó kọjá. Kí rédíò máa sọ ọ́ láti Ọjọ́bọ̀, kí àwọn ilé ìtura sì fún àlejò wọn ní bébà tó júwe pápá tó sún mọ́ wọn jù. Ọ̀pọ̀ àlejò ilé ìtura kò tiẹ̀ nílò láti gbé ọkọ̀ jáde rárá, kò sẹ́ni tó sọ fún wọn ni.

Ojú ọ̀nà tí Ọọ̀ni ń gbà láti ààfin lọ sí Òkè Mògún pẹ̀lú Adé Ààrè, ẹ ò nílò ká sọ fún yín pé kí ọkọ̀ má dúró níbẹ̀. Ohun tí àlejò ò mọ̀ ni pé ọkọ̀ tó bá wà níbẹ̀ láàárọ̀ á di pẹpẹ kó tó di ọ̀sán. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n ń rí adé yẹn lórí Kábíyèsí, kò sí ẹni tó máa rí bọ́nẹ́ẹ̀tì tí kò ní gùn ún. Ẹ kàn sọ ìyẹn fún wọn lórí rédíò, ẹ̀rù tó ń bà wọ́n nítorí ọkọ̀ wọn á ṣe ohun tí ìkìlọ̀ ò lè ṣe.

Ní tiwa, àwa tá à ń gbé àdúgbò yìí, iṣẹ́ wà lọ́rùn wa. Àwọn ọkọ̀ wa tó ti kú, tí koríko ti hù lábẹ́ wọn lójú títì láti ọdún méjì, la máa kọ́kọ́ wọ́ kúrò. Wọ́n ń gba àyè ju ti àlejò mélòó kan lọ. Ilé tó bá fẹ́ gba ẹbí lálejò á ka iye ọkọ̀ tó lè wọ inú ọgbà rẹ̀, èyí tó bá lé, kó júwe pápá fún wọn lórí fóònù kí wọ́n tó gbéra nílé. Ẹni tó ní àga tó fi ń gba àyè sójú títì fún ọ̀rẹ́ rẹ̀, á kó o wọlé. Iwájú géètì ẹni nìkan la lè dí. A ó sì yan èèyàn méjì ní títì kọ̀ọ̀kan tí wọ́n á máa rìn yípo láti aago mẹ́fà àárọ̀, torí pé ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó bá dúró sí ẹ̀gbẹ́ tí kò yẹ ló ń pe ogún yòókù. Tí ìyẹn bá kúrò ní ìrọ̀rùn, pẹ̀lú "ẹ kú ọdún o, ẹ̀gbọ́n, pápá wà lọ́hùn-ún, bọ́ọ̀sì á gbé yín wá", kò ní sí ìlà kankan.

Ohun tá à ń tọrọ nísinsìnyí ni kẹ́ ẹ rán ẹni kan nínú yín wá bá wa rìn yípo títì mẹ́rìndínlógún tó yí Ẹnuwà ká, ká jọ wọ̀n fífẹ̀ wọn, ká kọ ọ́ sílẹ̀ èyí tó gba ẹ̀gbẹ́ kan àti èyí tí kò gba nǹkan kan, ká sì fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ẹnu oríta kọ̀ọ̀kan kí ẹni tó ní ọ̀dà tó kùn ún. Tépù oní-mítà 30 wà lọ́wọ́ wa. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló rọrùn jù fún wa, kó sáà jẹ́ ọjọ́ tí òjò kò rọ̀, torí ṣọ́ọ̀kì kì í mú lójú títì tó tutù.

Àwa ni,
Àwọn ará àdúgbò tó yí Ẹnuwà ká, Ilé-Ifẹ̀.